Ìtọ́kasí Kẹta

Ìtọ́kasí kọkàndínlógún ni Ìyùnadé Lápité ń tò lọ́wọ́ nígbà tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ìwé fọ́ ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Ìró irin lára irin gba inú àtẹ̀gùn gòkè wá bá wọn ní àjà kẹfà, gíláàsì ojú fèrèsé sì gbọ̀n rìrì. Kò gbójú sókè. Orúkọ ìdílé ló kọ́kọ́ ń wá, kọ́mà tẹ̀ lé e, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àbísọ, àmì ìdánudúró, ọdún, nínú àkámọ́, àkọlé iṣẹ́, orúkọ jọ́nà tó gbé e jáde, pẹ̀lú lẹ́tà tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ìdìpọ̀, ojú ìwé. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ìka rẹ̀ mọ ọ̀nà rẹ̀ bí ọwọ́ ṣe mọ ọ̀nà ẹnu.

"Mélòó ló kù?" Dókítà Ṣówándé bi í. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni dókítà náà, ó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, ṣùgbọ́n ó ti fi èjìká ti kọ́bọ́ọ̀dù irin méjì sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì ń ti ẹ̀kẹta bọ̀.

"Méjì, bàbá. Àti ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan náà ńkọ́?"

Ìyùnadé kọ nọ́ńbà ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ó tẹ bọ́tìnì. Asẹ́, ẹ̀rọ gíga tó ń yẹ iṣẹ́ ìwádìí wò kó tó di òfin, tó dúró ti ògiri, tó dúdú bí ìdí ìkòkò, kùn hùn-ún díẹ̀, iná aláwọ̀ ewé sì tàn láyà rẹ̀. Kọkàndínlógún ti wọlé. Àwọn méjèèjì jọ mí kanlẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Asẹ́ ti tu iṣẹ́ náà jáde láàárọ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kínní, ó ní kọ́mà kan kò sí lẹ́yìn orúkọ òkú kan. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó ní ojú ìwé kejìlélógójì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n tọ́ka sí wà, kì í ṣe ìkẹtàlélógójì. Bó bá tu ú lẹ́ẹ̀kẹta, ọdún méje gbáko ni ẹnikẹ́ni kò ní lè gbé e wá síwájú rẹ̀ mọ́. Aago ara ògiri sì ti lé ní mọ́kànlá. Ọ̀sán gangan ni Asẹ́ máa ń pa ẹnu dé, oṣù mẹ́ta ni yóò sì tó tún là á.

Ó to ogún. Iná tàn. Ó to mọ́kànlélógún. Bí ìyẹn náà ti wọlé ni wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀kùn àjà kẹta ya, tí ẹnìkan sì kígbe. Bàbá aṣọ́nà tó ń jókòó níbẹ̀ ni. Igbe náà gé lójijì.

"Wọ́n ti pa bàbá Àjùwọ̀n," ni Ìyùnadé wí.

"Kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, Ìyùnadé."

Kò bèèrè orúkọ ta ni dókítà ń sọ; ó mọ̀ pé kì í ṣe ti bàbá Àjùwọ̀n. Àyè kẹta ló ṣófo láti òwúrọ̀ nínú àwọn mọ́kànlélógún náà. Gbólóhùn tó ń dúró dè é wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́ iṣẹ́ dókítà, ó kúrú, òun sì ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé: *Májèlé yìí ti wà nínú páìpù omi ìlú Ìdótun fún ọdún mẹ́ta kí ọmọ àkọ́kọ́ tó ṣàìsàn.* Nọ́ńbà 3 kékeré kan jókòó sórí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn bí eṣinṣin. Ẹnìkan ṣoṣo ló ṣẹ́kù láàyè nínú àwọn tó wọn omi náà nígbà yẹn. Fadérera Ọ̀ṣúnkéyè ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti tó ọdún méjìlá tó ti sá lọ.

"Bí mo bá kọ ọ́, ẹyẹ á fò," Ìyùnadé dáhùn.

Ó nawọ́ sókè òrùlé, níbi tí àwọn ẹyẹ irin bà sí. Ó tún fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ̀, níbi tí hóró irin kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ gbogbo ọmọ tuntun wà. Ní àárọ̀ yẹn nìkan, ẹyẹ mẹ́jọ ti fò lọ bá ẹlẹ́rìí mẹ́jọ tó ṣì wà láàyè níbikíbi tí hóró ọrùn wọn ti ń dún, wọ́n ti gba ìtẹ̀ka wọn, wọ́n sì ti padà. Àwọn méjìlá yòókù ti kú, sàréè wọn ló jẹ́rìí fún wọn.

"Tí ẹyẹ bá fò, àwọn tó ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn yìí á tẹ̀ lé e. Wọ́n á pa á, bàbá."

"Ọmọ mẹ́rìnlá ni mo ṣí ikùn wọn lẹ́yìn ikú ní oṣù tó kọjá," Dókítà Ṣówándé wí. Ó ń mí gulegule. "Ọmọ àdúgbò Àgbọ̀ràn ni gbogbo wọn. Kíndìnrín wọn ti rọ bí kànìnkànìn. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gbé e, ó sì ń já. Ìwọ ń sọ fún mi nípa ẹnìkan ṣoṣo?"

"Èmi ni mo to ìwé rẹ̀ nígbà yẹn." Ohùn Ìyùnadé fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Nígbà tí Ìgbìmọ̀ ìlú fagi lé e, wọ́n ní kí n mú orúkọ àwọn tó jọ wọn omi náà wá. Mo mú un lọ. Orúkọ mẹ́rin. Mo tiẹ̀ tò ó dáadáa, mo fi kọ́mà síbi tó yẹ, kí ó lè rọrùn fún wọn láti kà. Mẹ́ta nínú wọn jóná mọ́lé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. N kò ní to orúkọ ẹnikẹ́ni fún wọn mọ́."

Dókítà náà dẹ́kun títi kọ́bọ́ọ̀dù. Kò tíì gbọ́ ọ rí láti ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn sì fọ́.

Kì í ṣe pé wọ́n ṣí i. Ó fọ́ ni, tòun ti férémù. Kọ́bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ fò, ó gbá Dókítà Ṣówándé ní ìbàdí, ó sì gbé e lulẹ̀. Èéfín kún inú yàrá. Ẹ̀ṣọ́ márùn-ún wọlé pẹ̀lú asà àti ìbọn, aṣọ wọn dà bí eérú. Èyí tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà fi kóńdó lù ú lórí, ó tún lù ú lẹ́nu, eyín méjì sì ṣẹ́ bọ́ sílẹ̀. Èkejì fa Ìyùnadé nírun kúrò lórí àga, ó gbá a mọ́ ògiri, ó sì di í mú níbẹ̀.

Ẹni tó wọlé kẹ́yìn nu bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó tẹ ilẹ̀ yàrá. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ìyùnadé mọ̀ ọ́n. Òun ló gba ìwé orúkọ mẹ́rin náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, tó sì kí i pé ó ṣeun.

"Ẹ káàárọ̀ o," Ọ̀gá Láńlẹ́hìn wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí màmá jókòó. Iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ wọn."

Wọ́n jù ú padà sórí àga. Láńlẹ́hìn tẹ̀ síwájú, ó ka ojú síkírìnì tó ń tàn níwájú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì gbé ìka sórí àyè tó ṣófo.

"Ó ku ẹyọ kan péré. Ẹ bá wa kọ ọ́."

Ìyùnadé rò pé etí òun kò gbọ́ dáadáa. "Ẹ fẹ́ kí n kọ ọ́?"

"Mo lè jókòó síbí títí di ọ̀sán, kí Asẹ́ pa ẹnu rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ń bọ̀, ẹlòmíràn á tún gbé e wá. Gbòǹgbò ni mo fẹ́ hú, kì í ṣe ewé. Ọdún kejìlá nìyí tí mo ti ń wá obìnrin yẹn. Ẹyẹ nìkan ló ń gbọ́ dídún hóró ọrùn rẹ̀, ẹyẹ kì í sì í fò fún ẹ̀ṣọ́. Ìtọ́kasí tó pé ló ń fò fún." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kọ́mà yín ló dára jù nílùú yìí, màmá. Mo rántí."

"Bí ẹ bá sì bá a kó tó tẹ̀ka?"

"Òkú tí kò ní sàréè kò lè jẹ́rìí."

Láti ilẹ̀, Dókítà Ṣówándé tu ẹ̀jẹ̀ dànù. "Èmi ti tẹ̀ka," ó wí. "Èmi ni mo ni iṣẹ́ náà. Mo ti tẹ̀ka láti àárọ̀."

"Mo mọ̀, dókítà. Ẹ̀yin náà ń bá wa lọ. Ogójì ọjọ́ ni òfin fún ẹlẹ́rìí láti yí ẹ̀rí rẹ̀ padà, n kò sì tíì rí ẹni tó lo ogún lọ́dọ̀ wa tí kò yí i."

Ìyùnadé rí dókítà tó ń ronú, bí ó ṣe máa ń ronú nígbà tí àbájáde kan bá wá sí ojú rẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò, tí yóò kàn máa wo ọ̀ọ́kán. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí i, ó sì mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ń dágbére fún aládùúgbò ní ẹnu ọ̀nà.

"Òkú pẹ̀lú kò lè yí ẹ̀rí padà," ó wí.

Ọ̀bẹ ìgéwèé wà nílẹ̀ láàárín àwọn ìwé tó dà sílẹ̀ láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí ẹni tó rò pé ọkùnrin arúgbó tí ìbàdí rẹ̀ ti yẹ̀ lè yára tó bẹ́ẹ̀. Ó gún ẹ̀ṣọ́ tó sún mọ́ ọn jù lọ ní itan, ó fà á yọ, ó tún gún un. Ẹ̀ṣọ́ náà hu bí ẹran. Dókítà fi orúnkún dìde, ó sì kọjú ọ̀bẹ náà sí Láńlẹ́hìn.

"Ẹ má yìnbọn!" Láńlẹ́hìn pariwo. "Ẹ má yìn ín!"

Ó ti pẹ́ jù. Ọmọbìnrin kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, Jọláadé ni wọ́n kọ sí àyà aṣọ rẹ̀, kò sì lè ju ẹni ọdún méjìlélógún lọ. Ìbọn ọwọ́ rẹ̀ ké lẹ́ẹ̀mẹta. Dókítà Ṣówándé dojú bolẹ̀ sórí àwọn ìwé náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gbọ̀n pẹ́pẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ràn lábẹ́ ìwé kan bọ́ sábẹ́ ìwé mìíràn.

Láńlẹ́hìn na ọmọbìnrin náà ní ìgbátí tó mú kí àkẹtẹ̀ irin fò kúrò lórí rẹ̀. "Òpònú! O ti fún un ní ohun tó fẹ́! Ta ló fẹ́ yí ẹ̀rí yẹn padà báyìí?"

Jọláadé ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí Láńlẹ́hìn yóò padà sọ́dọ̀ Ìyùnadé, ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún obìnrin náà sórí tábìlì, ó sì tẹ́ ìka rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ gé èékánná fún ọmọ.

"Ẹ má bínú," ó wí, ó sì fi ìdí kóńdó fọ́ ìka ìfábẹ̀lá.

Ìyùnadé kígbe débi tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ṣọ́ kan tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Orúkọ rẹ̀."

Ó mi orí. Kóńdó tún sọ̀ kalẹ̀, sórí ìka àárín. Egungun náà ré, gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ìyùnadé bì sórí aṣọ rẹ̀. Ìka kẹta kò ré lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni Láńlẹ́hìn lù ú kó tó yẹ̀. Yàrá ń yí po. Nínú ìyípo yẹn ni Fadérera Ọ̀ṣúnkéyè jókòó sí iwájú tábìlì náà gan-an, ní aṣọ òfì aláwọ̀ aró, gẹ́gẹ́ bó ṣe jókòó ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ó ń fi ìka kan tábìlì bó ṣe ń sọ̀rọ̀. *Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, Ìyùnadé. Ohun tí kò yẹ kó ju márùn-ún lọ nínú omi tí ènìyàn ń mu. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá pa ìwé mi rẹ́, ìwọ ṣáà ti gbọ́ ọ.*

Ìwọ ṣáà ti gbọ́ ọ.

Ọ̀nà kan wà nínú ìlànà ìtọ́kasí tí kò sí ẹni tó ń gbà á mọ́. Abala kan ṣoṣo ni, ní òpin ìwé ìlànà, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tiẹ̀ máa ń fò ó. Bí ọ̀rọ̀ kò bá sí nínú ìwé kankan, tó jẹ́ pé etí ló gbọ́ ọ, ẹni tó gbọ́ ọ lè tọ́ka sí i. Kò nílò orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ yóò ru gbogbo rẹ̀ lórí ara rẹ̀, bí irọ́ bá ni, òun ni wọn yóò gbé kọ́.

"Mo máa kọ ọ́," Ìyùnadé wí. "Mo ní mo máa kọ ọ́. Ẹ dákun, ẹ fi ìwọ̀nyí sílẹ̀ fún mi."

Láńlẹ́hìn dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ó dára bẹ́ẹ̀."

Ó fi ọwọ́ òsì kọ ọ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ gbà á tó ìṣẹ́jú kan, nítorí ọwọ́ náà kò mọ ọ̀nà, òógùn sì ń wọ ojú rẹ̀. Láńlẹ́hìn dúró lé e lórí.

"Kí ló ń fa ìdádúró?"

"Kọ́mà ni, ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti tu ú jáde. Bí mo bá ṣì í báyìí, kò sí ẹyẹ tó máa fò."

Láńlẹ́hìn pòṣé. Ó lọ sí ojú fèrèsé, ó gbé rédíò sẹ́nu, ó sì sọ fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ìsàlẹ̀ pé kí wọ́n máa wo òrùlé, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹyẹ náà sá mọ́ wọn lójú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì ń so itan ẹni tí dókítà gún. Jọláadé nìkan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyùnadé.

*Lápité, Ì.* Ó fi àmì sí i. *Ọ̀rọ̀ ẹnu.* Ó fi ọdún méjìlá sẹ́yìn sínú àkámọ́.

Ó mọ̀ pé ọmọbìnrin náà ń kà á. Ó gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe dúró. Ó gbójú sókè, ojú wọn sì pàdé. Ẹ̀jẹ̀ dókítà wà lára bàtà ọmọbìnrin náà dé kókósẹ̀. Ìyùnadé kò bẹ̀ ẹ́. Jọláadé wò ó, ó wo ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀ lójú fèrèsé, lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ògiri, kò sì yí i padà mọ́.

Ìyùnadé tẹ bọ́tìnì. Asẹ́ kùn. Ọ̀rọ̀ jáde lójú síkírìnì, lẹ́tà funfun lórí dúdú.

KÍ NI O GBỌ́?

*Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin,* ó kọ ọ́. *Kò yẹ kó ju márùn-ún lọ. Wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.*

ṢÉ ÌWỌ NI YÓÒ RÙ Ú?

*Bẹ́ẹ̀ ni.*

Ẹnu gíláàsì là láyà ẹ̀rọ náà. Ó kù kí ó tẹ̀ka. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín àga àti Asẹ́, Ìyùnadé sì gbé méjì kí Láńlẹ́hìn tó yíjú padà.

"Níbo lẹ̀ ń lọ? Kí ló dé tí ẹyẹ ò fò?"

Ó fò mọ́ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀ṣọ́ kan ju kóńdó lu ẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣubú lórí orúnkún, ó na ọwọ́ òsì sókè, àtàǹpàkò rẹ̀ sì wọ ẹnu gíláàsì náà. Abẹ́rẹ́ gún un. Láńlẹ́hìn ti dé, ó gbá a ní ìpá nínú ìhà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó ń fà á lẹ́sẹ̀. Ìyùnadé fi eyín mú wáyà ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà, kò sì jẹ́ kí àtàǹpàkò rẹ̀ kúrò.

Iná aláwọ̀ ewé tàn. Lẹ́yìn náà, iná mọ́kànlélógún tàn lẹ́ẹ̀kan náà láti òkè Asẹ́ dé ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Nísàlẹ̀ ìlú, lọ́nà jíjìn, fèrè ilé omi bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Páìpù inú ògiri yàrá náà gbọ̀n kan-kan-kan, omi inú rẹ̀ fà sẹ́yìn pẹ̀lú ariwo bí ẹni tí oúnjẹ há lọ́fun, ó sì dákẹ́. Ohun tí Asẹ́ bá ti gbà, òfin ni. Ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ kò lè ṣí omi náà padà.

Láńlẹ́hìn ka ojú síkírìnì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ ìbọn kékeré ìbàdí rẹ̀, ó sì fi ẹnu rẹ̀ ti iwájú orí Ìyùnadé. Ìyùnadé pa ojú dé. Ó ń retí rẹ̀. Ó tiẹ̀ fẹ́ ẹ, nítorí pé ìka rẹ̀ ń jó o bí iná.

Ìbọn náà kúrò lórí rẹ̀.

"Rárá," Láńlẹ́hìn wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin kọ́. Ẹ̀yin ò ní kú, màmá. Ogójì ọjọ́ la ní, ìka méje sì ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé e."

Wọ́n wọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀. Orí àtẹ̀gùn àjà kẹta ni bàbá Àjùwọ̀n wà, ó gbẹ́sẹ̀ lé ògiri, orí rẹ̀ kò sì sí ní ìrísí orí mọ́. Ìyùnadé gbìyànjú láti sọ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń gbé òun kọjá, kò sì lè sọ ọ́.

Òde ti kún. Òòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín, àwọn ènìyàn sì ti jáde láti gbogbo ojúlé pẹ̀lú korobá àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo, nítorí pé ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló ń sìn gbogbo àdúgbò, ó sì ti gbẹ lójú wọn. Wọ́n ń pariwo. Nígbà tí wọ́n rí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń jáde láti ilé Asẹ́ pẹ̀lú obìnrin kan láàárín, ẹnìkan kígbe pé, "Òun nìyẹn! Òun ló ti omi!"

Òkúta àkọ́kọ́ ba Ìyùnadé ní èjìká. Èkejì la ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò lè gbé ọwọ́ bo ojú. Lójú rẹ̀ tó kún fún ẹ̀jẹ̀, ó rí i pé Láńlẹ́hìn fúnra rẹ̀ ló gba asà kan tó fi bo orí òun, tó ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé, "Ẹ dáàbò bò ó! Kò gbọdọ̀ kú! Ẹ bò ó!" Òkúta ń rọ̀ sórí asà náà bí yìnyín. Ọkọ̀ wọn wà ní òdì kejì títì, kò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ, èrò sì ti dí ọ̀nà.

Nígbà náà ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn orí òpó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ka gbogbo iṣẹ́ tí Asẹ́ bá gbà. Ohùn rẹ̀ tutù, kò sì yára. Ó ka àkọlé: *Ohun tó ń pa ọmọ Àgbọ̀ràn.* Àwọn díẹ̀ gbọ́ ọ, àwọn púpọ̀ ṣì ń pariwo. Ó ka orúkọ Ṣówándé, ó ka ọ̀rọ̀ májèlé, ó ka páìpù. Àwọn tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú sí òpó. "Ẹ dákẹ́!" ni ohùn kan wí. "Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́!"

Ó bẹ̀rẹ̀ àwọn ìtọ́kasí. Ìkínní, òkú. Ìkejì, òkú.

"Ìkẹta," ohùn náà wí. "Ìyùnadé Lápité. Ọ̀rọ̀ ẹnu. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ohun tí kò yẹ kó ju márùn-ún lọ. Ẹlẹ́rìí wà láàyè. Òun ló ru ú."

Obìnrin kan jáde láti àárín èrò. Kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ, òkúta tó tó ìkúùkù wà lọ́wọ́ rẹ̀, korobá òfìfo sì wà lọ́wọ́ kejì. Ó wá títí dé iwájú àwọn asà.

"Ta ni Lápité nínú yín?"

"Padà sẹ́yìn," Láńlẹ́hìn wí.

Asà tó wà lápá òsì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Jọláadé ló mú un. Obìnrin náà rí Ìyùnadé, ó rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Èmi ni," Ìyùnadé wí.

"Ọmọ mi ọkùnrin kú ní oṣù tó kọjá, màmá. Ọlọ́runtóbi ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ibà ni. Èmi ni mo ń pọn omi fún un mu, wọ́n ní kó máa mu omi dáadáa, mo sì ń fún un." Ó wo inú korobá òfìfo náà. "Ṣé omi náà ni?"

Ìyùnadé ì bá ti purọ́ fún un. Ó rí i lójú obìnrin náà pé irọ́ ló fẹ́ gbọ́.

"Omi ni, àbúrò mi."

Obìnrin náà gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí títì. Láńlẹ́hìn gbé ìbọn sókè, ó sì kọjú rẹ̀ sí i láyà. Kò wo ìbọn náà. Ojú ẹni tó mú un ló ń wò nígbà tó fa apá sẹ́yìn, tó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ sọ òkúta náà sí ojú yẹn.